Kọ̀ǹpútà kan fún ọmọ kan: ohun tí Urugúáì ṣe nílé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2009, orílẹ̀-èdè Urugúáì parí iṣẹ́ kan tí orílẹ̀-èdè mìíràn tó tóbi tó o kò tíì ṣe rí. Gbogbo ọmọ tó wà nílé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba, láti olú-ìlú títí dé abà, ló ti gba kọ̀ǹpútà alágbèéká tirẹ̀. Àwọn ọmọ náà tó 362,000, àwọn olùkọ́ tó gba tiwọn sì tó 18,000. Òbí kankan kò sanwó rẹ̀. Wọn kò tò ó sínú yàrá kan kí wọ́n wá máa fi kọ́kọ́rọ́ tì í, kí ọmọ máa rí i lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ọmọ ló ni ín. Á gbé e wá sí kíláàsì láàárọ̀, á sì gbé e padà sílé lọ́sàn-án, kí ìyá, bàbá àti ẹ̀gbọ́n náà lè fọwọ́ kàn án.

Mo fẹ́ kọ ìtàn yìí sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nítorí pé lọ́dọ̀ wa, ọjọ́ tí wọ́n pín kọ̀ǹpútà la máa ń gbọ́ nípa rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún kejì àti ìkẹta kì í sábà dé etí wa. Àwọn ará Urugúáì ka iye ẹ̀rọ tó bàjẹ́, wọ́n wọn ohun tí ọmọ mọ̀, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ síta kódà nígbà tí kò dùn ún gbọ́.

Ilẹ̀ tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀

Àárín Bràsíl àti Argẹntínà ni Urugúáì wà. Èèyàn ibẹ̀ jẹ́ bíi mílíọ̀nù mẹ́ta ààbọ̀, àwọn tó pọ̀ nínú wọn sì ń gbé ní Montevideo, olú-ìlú, àti àyíká rẹ̀. Ìyókù ilẹ̀ náà jẹ́ pápá màlúù àti àgùntàn, ìlú kéékèèké jìnnà síra wọn, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ oko kan sì wà tó jẹ́ pé olùkọ́ kan ṣoṣo ló ń kọ́ gbogbo kíláàsì.

Láti ọdún 1877 ni òfin tí José Pedro Varela jà fún ti sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ àti dandan níbẹ̀. Títí dòní, aṣọ funfun kan náà ni ọmọ dókítà àti ọmọ darandaran ń wọ̀ lọ sílé-ẹ̀kọ́ ìjọba, pẹ̀lú ríbọ́ọ̀nù búlúù ńlá lọ́rùn. Ẹni tó bá rántí ohun tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà lọ́dún 1955 jẹ́ fún àwọn òbí wa á mọ ìdí tí aṣọ yìí fi ṣe pàtàkì sí wọn. Ó ń sọ fún ọmọ pé níbí yìí, ẹ kò ju ara yín lọ.

Lọ́dún 2002, bánkì wọn dẹnu kọlẹ̀, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn, òṣì sì wọ ilé tí kò wọ̀ rí. Ní àkókò kan náà, kọ̀ǹpútà àti íntánẹ́ẹ̀tì ń wọlé sí ilé àwọn tó rí jájẹ. Ọmọ méjì lè wọ aṣọ funfun kan náà jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan, kí ọ̀kan ní gbogbo ìmọ̀ ayé nínú yàrá rẹ̀ nílé, kí ìkejì má ní ju ìwé kan tó ti ya lọ. Tabaré Vázquez, dókítà àrùn jẹjẹrẹ tó di Ààrẹ lọ́dún 2005, rí àlàfo yìí. Ní oṣù kejìlá ọdún 2006 ló kéde pé gbogbo ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba yóò ní kọ̀ǹpútà. Wọ́n pe ètò náà ní Plan Ceibal. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ fi ń pe ẹ̀rọ náà ní ceibalita.

Ẹ̀rọ kan náà dé Abuja

Ẹ̀rọ tí wọ́n kọ́kọ́ lò kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Nicholas Negroponte, ọ̀jọ̀gbọ́n kan láti MIT, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ kan ní Amẹ́ríkà, ló gbé èrò náà jáde lọ́dún 2005: kọ̀ǹpútà kékeré fún àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè tí kò lówó, tí iye rẹ̀ kò ní ju ọgọ́rùn-ún dọ́là lọ. XO ni wọ́n pè é. Ó funfun, ó ní àwọ̀ ewé, ó ní etí méjì tí ń gba íntánẹ́ẹ̀tì, èèyàn sì lè ka ohun tó wà lójú rẹ̀ nínú oòrùn gangan. Nígbà tí wọ́n ṣe é tán, iye rẹ̀ sún mọ́ igba dọ́là.

Nàìjíríà wà lára àwọn tó kọ́kọ́ nawọ́. Lábẹ́ ìjọba Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, wọ́n ṣèlérí pé àwọn yóò ra mílíọ̀nù kan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2007, nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ẹ̀rọ dé ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Galadima, ní Abuja, àwọn ọmọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Nígbà tí ìjọba tuntun dé ní oṣù karùn-ún ọdún náà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ béèrè pé kí ni ìwúlò kọ̀ǹpútà fún ọmọ tí kò ní àga tí yóò jókòó lé, tí kò ní aṣọ ilé-ẹ̀kọ́. A kò ra mílíọ̀nù náà. Ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà, Urugúáì ra ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún, òun sì ni ìjọba àkọ́kọ́ tó ra ẹ̀rọ náà tó bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè mínísítà yẹn tọ́ sí ìdáhùn. Àwọn ọmọ tó ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kún ilẹ̀ wa nígbà náà, wọ́n ṣì wà títí di ìsinsìnyí. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, wọ́n lo ìbéèrè náà láti pa ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà tì, wọn kò sì torí rẹ̀ ra àga. Urugúáì ní àga tẹ́lẹ̀, òótọ́ ni, ó sì ní olùkọ́ tó gboyè ní gbogbo abà. Ẹni tó bá fẹ́ fara wé wọn ní láti mọ̀ pé orí iṣẹ́ tó ti lé ní ọgọ́fà ọdún ni wọ́n gbé ẹ̀rọ náà lé.

Ohun mìíràn tún wà tó ya ìtàn méjèèjì sọ́tọ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2007, Ààrẹ fọwọ́ sí ìwé àṣẹ ètò náà, wọ́n sì gbé iṣẹ́ náà fún LATU, ilé iṣẹ́ ìjọba kan tó ti pẹ́ nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ, lábẹ́ ìdarí Miguel Brechner. Bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́, bí íntánẹ́ẹ̀tì bá já, ẹni tí òbí yóò bi wà. Iṣẹ́ náà ní ilé, ó ní orúkọ, ó sì ní owó nínú ìṣúná ọdọọdún.

Láti Cardal dé Montevideo

Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù karùn-ún ọdún 2007, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Villa Cardal, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Florida tí ara ibẹ̀ ń fi wàrà màlúù jẹun. Gbogbo ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kò ju nǹkan bí àádọ́jọ lọ, gbogbo wọn ló sì gba ẹ̀rọ lọ́jọ́ kan náà. Ìlú kékeré dára fún ìdánwò: bí nǹkan kan bá yẹ̀, gbogbo èèyàn á mọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Láti ibẹ̀, wọ́n lọ sí àwọn ìpínlẹ̀ ẹ̀yìn odi lọ́dún 2008, wọ́n sì fi Montevideo sí ìgbẹ̀yìn, lọ́dún 2009. Ìpinnu yìí wú mi lórí púpọ̀. Olú-ìlú ni ohun rere ti máa ń bẹ̀rẹ̀ níbi gbogbo, ibẹ̀ náà ló sì sábà máa ń parí sí. Nígbà tí Urugúáì yí i padà, kò sí ààyè fún ẹnikẹ́ni láti sọ láàárín ọ̀nà pé owó ti tán, kí wọ́n wá fi ọmọ oko sílẹ̀. Bí owó bá máa tán, ọ̀dọ̀ àwọn tí ohùn wọn ròkè jù lọ ni yóò ti tán.

ANTEL, ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ìjọba, ló ń fa íntánẹ́ẹ̀tì lọ sáwọn ilé-ẹ̀kọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ oko tí wáyà iná kò dé, wọ́n fi sólà sí orí òrùlé rẹ̀. Èyí tí wọ́n bá jí gbé, wọ́n lè tì í pa láti ọ̀nà jíjìn. Nígbà tí wọ́n ṣírò gbogbo rẹ̀ pọ̀, ẹ̀rọ, àtúnṣe, ìdálẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ àti íntánẹ́ẹ̀tì, ó jẹ́ nǹkan bí 260 dọ́là lórí ọmọ kan. Kò tó ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó tí wọ́n ń ná lórí ẹ̀kọ́.

Nígbà tí síkírínì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́

Ọmọ ọdún mẹ́fà ló ń gbé e kiri. Ó ń jábọ́, omi ń dà sí i, àbúrò ń jókòó lé e, bọ́tìnnì kíbọ́ọ̀dù ń ṣí kúrò, ṣájà ń sọnù. Nígbà tí wọ́n ka àwọn ẹ̀rọ náà lọ́dún 2010, ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́rin tí kò ṣeé lò. Ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ tó tòṣì jù lọ ni ìbàjẹ́ náà pọ̀ sí.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ síbí. Àwọn ọmọ tí wọ́n torí wọn dá ètò náà sílẹ̀ gan-an ni ẹ̀rọ ń kú mọ́ lọ́wọ́. Kì í ṣe pé wọn kò mọ iyì rẹ̀. Nínú ilé tí èèyàn pọ̀ sí tí kò sí tábìlì, ilẹ̀ ni ẹ̀rọ ń sùn. Bí ó bá bàjẹ́, ìyá ní láti wá owó, ó ní láti wá àyè kúrò níbi iṣẹ́, ibi tí wọ́n ti ń tún un ṣe sì lè jìnnà. Ìdílé tó rọ̀ṣọ̀mù á tún un ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ti ìdílé kejì á wà lábẹ́ ibùsùn títí ọdún á fi parí. Bẹ́ẹ̀ ni àlàfo tí wọ́n fẹ́ dí tún ń ṣí padà, láìsí ẹni tó fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

Kíka ni wọ́n fi mọ̀. Bí wọn kò bá kà á, àkọsílẹ̀ ọdún 2009 pé gbogbo ọmọ ní kọ̀ǹpútà ni wọn ì bá máa kà lórí rédíò títí lọ. Nígbà tí wọ́n mọ̀ ọ́n tán, wọ́n yí àtúnṣe padà: ọkọ̀ tó gbé oníṣẹ́ àti ẹ̀yà ara ẹ̀rọ ń yí ká ilé-ẹ̀kọ́, ó ń tún ti àwọn ọmọ ṣe nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ wọn, èyí tí kò ṣeé tún ṣe níbẹ̀, ilé ìfìwéránṣẹ́ ń gbé e lọ, ó ń gbé e bọ̀.

Mo gbà pé nínú ọ̀rọ̀ àtúnṣe, àwa gan-an lọ́wọ́ ju Urugúáì lọ. Ní Otigba, ní Ìkẹjà, àwọn ọ̀dọ́ wà tó ń tú láptọ́ọ̀pù palẹ̀ tí wọ́n sì ń tò ó padà láìwo ìwé. Kò sí ìlú ńlá kan ní ilẹ̀ Yorùbá, láti Ṣakí dé Òkìtìpupa, tí kò ní ọmọ tó ń tún fóònù ṣe lábẹ́ agboòrùn. Ìjọba ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ fún ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀rọ lè bá àwọn wọ̀nyí ṣàdéhùn ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan: ẹ̀yin lẹ ni ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́wàá yìí, iye ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lóṣù la ó máa sanwó lé. Nígbà tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gbé Ọpọ́n Ìmọ̀ jáde lọ́dún 2013, tábúlẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kó ìwé ẹ̀kọ́ sí fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama àgbà, inú mi dùn sí i, mo sì ṣì gbà pé èrò tó dára ni. Ohun tí mo fẹ́ rí nínú irú rẹ̀ ni àkọsílẹ̀ bí èyí: lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, mélòó ló ń tàn, ọwọ́ ta ni wọ́n sì wà?

Máàkì kò gbéra

Lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ní Urugúáì fi máàkì àwọn ọmọ wéra. Ìbéèrè wọn kò lọ́jú pọ̀: ṣé ọmọ tó ti pẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀rọ mọ ìṣirò àti ìwé kíkà ju èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á lọ? Ìdáhùn tí wọ́n rí ni pé kò sí ìyàtọ̀. Irú rẹ̀ náà ni wọ́n ti rí ní Perú lọ́dún 2012, níbi tí Báńkì Ìdàgbàsókè àwọn orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà (IDB) ti yẹ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ 319 wò ní ìgbèríko: ọmọ ń lo kọ̀ǹpútà sí i, máàkì ìṣirò àti èdè kò yí padà.

Àwọn tó ṣe ìwádìí ti Urugúáì sọ ohun tí wọ́n rò pé ó fà á. Ìdálẹ́kọ̀ọ́ kò pọn dandan fún olùkọ́. Ohun tí wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ ṣe jù ní kíláàsì ni wíwá ọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Olùkọ́ tó ń kọ nǹkan sójú pátákó, tó ń ní kí ọmọ dà á kọ, ti wá ń sọ pé kí ọmọ wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó dà á kọ. Ọ̀nà ìkọ́ni kò kúrò lójú kan.

Mi ò dá àwọn olùkọ́ wọ̀nyẹn lẹ́bi. Ẹ̀rọ dé bá wọn. Ẹni tó ní ọgbọ̀n ọmọ níwájú, tó ní iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ tó gbọ́dọ̀ parí, á lo ohun tuntun níbi tí kò ti ní dí i lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni mi ò gbà pẹ̀lú àwọn tó ka èsì yìí tí wọ́n ní owó náà ti ṣòfò. Ọmọ ilé tálákà tó lè wá ìdáhùn ìbéèrè fúnra rẹ̀ lálẹ́ ní ohun kan tí ìdánwò ìṣirò kì í wọ̀n. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá sọ fún ará ìlú pé ẹ̀kọ́ ni òun fi kọ̀ǹpútà ṣe, ẹ̀kọ́ ni wọn yóò fi dá a lẹ́jọ́, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀.

Olùkọ́ tó wà lójú síkírínì

Ibi tí ìtàn náà ti yí padà nìyí. Wọ́n yí ìbéèrè: kí ni olùkọ́ wa kò lè ṣe fúnra rẹ̀, tí ẹ̀rọ lè bá a ṣe?

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni àkọ́kọ́. Èdè Sípéènì ni wọ́n ń sọ ní Urugúáì, àwọn olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó wà kò sì lè kárí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba. Lọ́dún 2012, Ceibal àti British Council bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì yóò hàn lójú síkírínì ńlá nínú kíláàsì, láti Argẹntínà, láti Filipínì, láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí láti Urugúáì fúnra rẹ̀. Ó ń rí àwọn ọmọ, wọ́n ń rí i, wọ́n ń dá a lóhùn. Olùkọ́ kíláàsì kò jáde. Inú kíláàsì ló wà, ó ń mú kí ọmọ fọkàn sí i, ní ọjọ́ méjì mìíràn lọ́sẹ̀ ó sì ń tún iṣẹ́ náà ṣe pẹ̀lú wọn, bí òun náà kò tiẹ̀ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń kọ́ èdè náà pẹ̀lú àwọn ọmọ. Ó tàn dé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ, nígbà tí wọ́n sì dán wọn wò, wọn kò rẹ̀yìn sí àwọn tí olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì dúró níwájú wọn.

Ó mú mi rántí Ilé-Ifẹ̀. Lọ́dún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí olùkọ́ àkànṣe sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa. Ohun tí àwọn èèyàn máa ń sọ títí dòní, bí a bá ní ká mú un gbòòrò, ni pé níbo la ó ti rí olùkọ́ àkànṣe fún gbogbo abà? Àwọn ará Urugúáì ti fi bí a ṣe lè rí i hàn wá: olùkọ́ àkànṣe kan lè jókòó sí Ìbàdàn kó máa kọ́ Ìgbòho láàárọ̀, Ìṣẹ́yìn lọ́sàn-án, kí tíṣà kíláàsì wà pẹ̀lú àwọn ọmọ, kó máa fi Yorùbá ṣe ìyókù iṣẹ́. Iná àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó dúró ṣinṣin nílé-ẹ̀kọ́ nìkan ló nílò, kò nílò ẹ̀rọ lọ́wọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ èmi ni wọ́n ní kí n yan ohun kan nínú gbogbo ìtàn yìí fún wa, èyí ni mo máa mú.

Ìṣirò ló tẹ̀ lé e. Lọ́dún 2013 ni wọ́n gbé ètò ìṣirò kan wọlé láti Jámánì, wọ́n sọ ọ́ di èdè Sípéènì. Ọmọ ń ṣe iṣẹ́, ẹ̀rọ ń sọ fún un lójú ẹsẹ̀ ibi tó ti ṣì í, ó ń fún un ní irú rẹ̀ mìíràn. Olùkọ́ ń rí ẹni tó ti kọjá àti ẹni tó há sí ìdá. Olùkọ́ tó máa ń gbé ọgbọ̀n ìwé lọ sílé láti máàkì lálẹ́ mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, máàkì gbéra lọ́tẹ̀ yìí, àwọn ọmọ ilé tí kò lówó ló sì jàǹfààní jù. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ ló yàtọ̀.

Oṣù kẹta ọdún 2020

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 2020, ẹgbẹ́ òṣèlú mìíràn gba ìjọba lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ẹgbẹ́ Vázquez fi wà níbẹ̀. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà tí kòrónà dé, wọ́n sì ti ilé-ẹ̀kọ́ pa. Ẹ̀rọ wà nílé àwọn ọmọ. Pèpéle ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì kan wà tí olùkọ́ àti ọmọ ti ń lò tẹ́lẹ̀, CREA, ANTEL sì jẹ́ kí wọ́n máa lò ó láìsan owó dátà. Kì í ṣe gbogbo ọmọ ló rí i lò déédéé. Àwọn tó tòṣì jù ló tún ṣòro jù láti rí lórí rẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ti rí níbi gbogbo láyé lọ́dún náà. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹrin, wọ́n ṣí ilé-ẹ̀kọ́ oko padà. Ìgbèríko tí wọ́n ti kọ́kọ́ pín kọ̀ǹpútà ní ọdún 2007 àti 2008 ni wọ́n tún ti kọ́kọ́ jẹ́ kí ọmọ padà sí kíláàsì.

Ìjọba tuntun náà kò fagi lé Ceibal. Lónìí, tábúlẹ́ẹ̀tì ni àwọn ọmọ kíláàsì ìbẹ̀rẹ̀ ń gbà, láptọ́ọ̀pù ni ti àwọn tó ti dàgbà díẹ̀.